ThinkPad T480 dáa, ẹni tó tà á fún mi lọ̀rọ̀ wà lọ́rùn ẹ̀

Oṣù mẹ́jọ ni mo ti lo ThinkPad T480 yìí, láptọ́ọ̀pù tí Lenovo ṣe, kí n tó jókòó kọ nǹkan nípa ẹ̀, torí mo mọ ara mi, ká ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo kọ ọ́ ni, èébú nìkan lẹ ò bá kà níbí. Iṣẹ́ kóòdù ni mò ń ṣe, inú ilé ni mo ti ń ṣe é ní Tanke, ní Ìlọrin, kì í ṣe pé iná ò wá o, àmọ́ kì í dágbére kó tó lọ. Èyí tí mò ń lò tẹ́lẹ̀ rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó rẹwà, ẹni tó bá rí i lọ́wọ́ mi á rò pé owó wà, àmọ́ wọ́n ti sódà RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) mọ́ bọ́ọ̀dù inú ẹ̀, 8GB tó bá wáyé náà ló máa bá lọ sí sàréè. Tí mo bá ṣí Android Studio tí mo fi ń kọ app fóònù, kí n ṣí emulator, ìyẹn fóònù àfarawé inú kọ̀ǹpútà, kí n wá ṣèèṣì ṣí Chrome láti yẹ nǹkan kékeré wò, máùsì á dúró gbagidi, èmi náà á dúró, a ó jọ máa wo ara wa. Lọ́jọ́ kan bátìrì ẹ̀ wú, ó ti touchpad sókè bí àkàrà tó wà nínú epo gbígbóná, ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé èmi àti ẹ̀ ti parí.

Ìdí tí mo fi ń wá T480 kiri ò ju bátìrì lọ. Ọdún 2018 ló jáde, bátìrì méjì ló sì ní, ọ̀kan wà nínú ikùn ẹ̀, ìkejì wà lẹ́yìn, èyí tẹ́ ẹ lè fọwọ́ yọ. Ti inú, 24Wh ni (Wh ni wọ́n fi ń wọn iná tí bátìrì lè gbà). Ti ẹ̀yìn wà ní oríṣi mẹ́ta, 24Wh, 48Wh àti 72Wh tó yọ ikùn síta débi pé ó máa ń gbé ẹ̀yìn ẹ̀rọ sókè lórí tábìlì. Ti ẹ̀yìn ló máa kọ́kọ́ lò, tó bá ti fẹ́ tán ẹ yọ ọ́, ti inú á gbé ẹ̀rọ dúró, ẹ ki òmíràn bọ̀ ọ́, kóòdù tẹ́ ẹ ń build (tẹ́ ẹ ń sọ di app) lọ́wọ́ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. T490 tó tẹ̀lé e ò ní irú ẹ̀ mọ́. Kẹ́ ẹ sì ṣọ́ra fún T480s o, “s” kékeré tó wà lẹ́yìn ẹ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́, ìyẹn ò ní bátìrì ẹ̀yìn rárá, wọ́n sì ti sódà lára RAM tiẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù. Ohun míì ni pé ọ̀dọ̀ processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Intel ìran kẹjọ tó wà nínú ọ̀pọ̀ T480 ni Windows 11 ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀rọ wọlé, T470 tó ṣáájú ẹ̀ ò wọ̀ ọ́, Windows 10 sì rèé, Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú ẹ̀ dúró ní 14 oṣù kẹwàá 2025. Torí náà ẹni tó bá ń polówó T470 fún yín pé nǹkan kan náà ni wọ́n, ẹ kí i, ẹ máa lọ.

Ó wá ku ẹni tó tà á. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù, ìgboro Ìlọrin níbí ni. Wọ́n ní Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn juyọ̀, ọmọkùnrin yìí ló jogún gbogbo iyọ̀ yẹn.

“Ẹ̀gbọ́n, UK ló ti dé tààrà, kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wa.”

“Bátìrì ẹ̀ ńkọ́?”

“Bátìrì kẹ̀? Wákàtí mẹ́fà gbáko! Ẹ gbé e dé Jẹ́bbà kẹ́ ẹ gbé e padà, kò ní kú.”

Ó fi ojú síkírínì hàn mí, 100%. 100% yẹn ló tàn mí jẹ, èmi tí mò ń pe ara mi ní developer. Ife omi tó kún ti kún, garawa tó kún náà ti kún, èwo nínú wọn lẹ máa fi wẹ̀? Mo san ₦290,000, mo gbé e wọ Kẹ̀kẹ́ Márúwá, inú mi ń dùn.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni iná lọ, wákàtí kan ààbọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ ẹ̀rọ náà tẹ̀lé e. Nígbà tí iná dé mo ṣí terminal, ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún ẹ̀rọ, mo tẹ powercfg /batteryreport, ìwé kan báyìí ló máa ń kó jáde, iye tí bátìrì lè gbà nígbà tó wà ní tuntun á wà níbẹ̀, iye tó lè gbà báyìí á wà lábẹ́ ẹ̀. Ti inú yẹ kó gba 24,000 mWh (ìyẹn 24Wh), 8,900 ló kù. Ti ẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju 6,000 lọ. Ìṣẹ́jú kan péré ni àyẹ̀wò yẹn ń gbà, ká ní mo ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù ni, kí n tó mówó jáde lápò, ọ̀rọ̀ wa ò ní rí báyìí. Ẹni tó bá ń lo Linux lè tẹ upower -d, nǹkan kan náà ló máa sọ.

Síkírínì ẹ̀ ńkọ́? Ọmọkùnrin tó tà á ní Full HD ni, ìyẹn 1920 sí 1080. Mo ṣí VS Code tí mo fi ń kọ kóòdù, ìlà kóòdù tí mò ń rí lójú kan ò pé ọgbọ̀n, àwọ̀ ẹ̀ sì ti ṣá bí aṣọ tí wọ́n ti fi sínú omi bílíìṣì, mo yẹ ẹ́ wò, 1366 sí 768. Mo padà lọ bá a. Ẹ mọ ohun tó sọ? “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò rí i pé ó mọ́lẹ̀ ni?” Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sí páálí tó wà lókè orí ẹ̀, pé ọjà tó bá ti jáde kì í padà. Ṣájà tó fún mi náà, 65W ni wọ́n kọ sára ẹ̀, ó fúyẹ́ bíi páálí ìṣáná, ẹ̀rọ gan-an ń sọ fún mi pé agbára ẹ̀ ò tó.

Ààfáà kan tó ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe ní Gaa-Akanbi ló yọ mí. Wọn ò ní ju tábìlì kan àti iná kan tí wọ́n so rọ̀ sórí ẹ̀, mo ti fẹ́ yí padà nígbà tí mo rí ibẹ̀. Àmọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ ni wọ́n ti ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wọnú BIOS, kẹ́ ẹ pa bátìrì inú.” BIOS ni ètò tó máa ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dé. Ara mi balẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń ti tọ́ọ̀nafíṣì bọ ẹ̀rọ tí iná ṣì wà nínú ẹ̀, ohun tó bá sì bàjẹ́ ẹ̀yin lẹ ó gbé e wálé bẹ́ẹ̀. Wọ́n tú ìdè (screw) mẹ́fà tó wà lábẹ́, àwọn ìdè yẹn kì í já bọ́, ara ìdérí ni wọ́n ń dúró sí, ẹni tó ṣe é ronú dáadáa. Wọ́n mú káàdì ATM tó ti kú, wọ́n fi í gbọn etí ẹ̀ yíká, kó, kó, kó, ó ṣí. Ẹ wo eruku! Gbogbo ọyẹ́ tó fẹ́ ní Ìlọrin lọ́dún yẹn ti dì síbi tí fáànù ti ń fẹ́ atẹ́gùn síta, ó nípọn bí òwú ìrọ̀rí, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fà á jáde lódindi. Oje tó yẹ kó máa gbé ooru kúrò lórí processor ti gbẹ bí ẹ̀kọ ìjẹta, wọ́n fi sipírítì nù ún, wọ́n kán tuntun sí i, kò tó ẹ̀wà kan. Kí wọ́n tó ṣe é, tí mo bá ń build, fáànù máa ń ké bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata, ooru ẹ̀ á dé 97°C, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀ torí ó ń dáàbò bo ara ẹ̀. Ní báyìí kì í kọjá 80, kódà nínú oòrùn oṣù kẹta.

Ihò RAM kejì ṣófo, mo ra 16GB, mo ki í bọ̀ ọ́, pẹ̀lú 8 tó wà níbẹ̀ ó di 24. Emulator, Docker (ètò míì tí mo fi ń ṣiṣẹ́), Chrome, gbogbo wọn jọ ń gbé báyìí láìjà. Mo pààrọ̀ síkírínì sí Full HD tó jẹ́ IPS, irú èyí tí àwọ̀ ẹ̀ dáa, mo sì ra bátìrì ẹ̀yìn 48Wh. Ibi tí mo ti ní ìjà pẹ̀lú ààfáà ni àsìkò, wọ́n ní kí n wá lẹ́yìn ìrun Alásárì, a ti kírun Màgàríbì tán kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, fóònù wọn sì ń dún lórí tábìlì, wọn ò gbé e. Iṣẹ́ wọn mọ́ ṣá.

Kíbọọ̀dù ẹ̀, mi ò lè sọ ọ́ tán, ó rọ̀ lábẹ́ ìka, ó sì jinlẹ̀, òun ni mo fi tẹ gbogbo èyí, Linux tí mo fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows ní ètò kíbọọ̀dù Yorùbá tirẹ̀ nínú, àmì ohùn ò kí ń yọ mí lẹ́nu mọ́. Àmọ́ Fn ló wà ní igun níbi tí ọwọ́ mi ti ń wá Ctrl, lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ mo rò pé mo ti copy nǹkan, mi ò copy nǹkan kan, ohun àná ló ṣì wà níbẹ̀, báyìí ni mo ṣe lẹ password database mọ́ gúrúùpù WhatsApp ibi iṣẹ́ wa lọ́sàn-án gangan. Ọpẹ́lọpẹ́ pé database tí a fi ń dán nǹkan wò ni. BIOS lè bá yín pààrọ̀ ipò Fn àti Ctrl, ẹ ṣe é lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e délé. Ihò USB-C tó ń gba iná náà, ara bọ́ọ̀dù ni wọ́n sódà rẹ̀ mọ́, ẹ má máa gbé ẹ̀rọ kiri pẹ̀lú ṣájà lẹ́nu ẹ̀.

Ẹ bá mi ṣírò. Ẹ̀rọ ₦290,000, síkírínì ₦55,000, RAM ₦45,000, bátìrì ₦38,000, ṣájà gidi ₦15,000, iṣẹ́ ọwọ́ ààfáà ₦8,000, gbogbo ẹ̀ jẹ́ ₦451,000. Ohun tí mo fi tún un ṣe ju ìdajì iye tí mo rà á lọ, mi ò sì kábàámọ̀ ẹ̀rọ, owó tó wọlé ọmọkùnrin yẹn ló ń dùn mí. Láná mo ṣiṣẹ́ láti aago méjì ọ̀sán dé aago mẹ́fà ku díẹ̀ láìsí iná, mo tún jẹ wàrà, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà.

72Wh yẹn ni mo ń wá báyìí. Ẹni tó bá ní i ní Ìlọrin tàbí Ọ̀ffà, kó jẹ́ n mọ̀, àmọ́ èmi fúnra mi ni mo máa tẹ powercfg kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í nájà.