Ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi yọ̀ǹda ara mi fún àwọn oníṣẹ́ abẹ òkè òkun ní Ilé-Ifẹ̀

Àwọn nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi ní Iléṣà ń bi mí pé ṣé kí àwọn náà forúkọ sílẹ̀ bí àwọn dókítà òkè òkun bá tún dé. Ẹ forúkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka èyí tán ná.

Ìsinmi ọdọọdún mi ni mo fi lọ. Ojoojúmọ́ ni mo ń gba Òṣú lọ, tí mo ń gba Òṣú bọ̀, owó ọkọ̀ ti ara mi ni. Wọn kì í sanwó. Oúnjẹ ọ̀sán àti aṣọ tíátà ni wọ́n fún wa. Ètè tó là, àjà ẹnu tó là àti ojú iná tó ti súnkì ni wọ́n wá tún ṣe.

Nínú tíátà, iṣẹ́ wọn mọ́. Mo wà nítòsí nígbà tí ọ̀kan nínú wọn ń rán ètè ọmọ oṣù mẹ́rin. Okùn náà tín-ín-rín bí irun orí. Kó tó fi ọ̀bẹ kàn án, ó fi yíǹkì sàmì sí ibi tí pupa ètè ti pàdé awọ, ó wò ó, ó tún un wò. Bí ìlà yẹn bá fi díẹ̀ yẹ̀, ojú á máa rí i títí ọmọ á fi darúgbó. Wọn kì í sì í sáré gbé ọmọ wọlé. Ẹni tí wọ́n fẹ́ rán ètè rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ọ̀sẹ̀ 10, kó wọ̀n tó kílò 4.5, kí ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ (hemoglobin) sì tó gíráàmù 10 nínú désílítà kan. Ìyá kan sunkún nígbà tí wọ́n dá a padà. Mo jókòó tì í, mo kọ́ ọ bó ṣe máa gbé ọmọ dúró sánṣán, kó máa fi ṣíbí fún un ní wàrà díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè ló dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n ti ní kí ọmọ ọdún kan ààbọ̀ kan má jẹ, kó má mu. Ẹni tó ń túmọ̀ sọ fún ìyá àgbà rẹ̀ pé "kó má jẹun." Ní aago mẹ́fà àárọ̀, màmá fún ọmọ ní ẹ̀kọ. Nígbà tí mo bi wọ́n, wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, kò jẹun o. Ẹ̀kọ ló mu." Wọn ò parọ́. Ta ló ń jẹ ẹ̀kọ mímu nínú Yorùbá? Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá bì lójú oorun abẹ́rẹ́, ẹ̀kọ yẹn lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Wọ́n sún iṣẹ́ náà síwájú, màmá fi òru mẹ́ta sí i sùn lórí ẹní. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì lálẹ́: "Kò gbọdọ̀ jẹ, kò gbọdọ̀ mu. Tó bá ti di aago mẹ́rin ìdájí, ọmú pàápàá ò gbọdọ̀ kàn án lẹ́nu." Màá ní kí wọ́n tún un sọ fún mi.

Ohun tó dùn mí jù ni bí wọ́n ṣe lọ. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án kan wà tí sítóòfù jó, àgbọ̀n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ àyà. Wọ́n gé e sílẹ̀, wọ́n bó awọ itan rẹ̀ bo ọrùn. Ọjọ́ karùn-ún la ṣí bándéèjì, awọ náà ti lẹ̀ mọ́ ọrùn dáadáa. Ṣùgbọ́n irú awọ bẹ́ẹ̀ máa ń fẹ́ súnkì padà. Kólà ọrùn, èyí tí kì í jẹ́ kí àgbọ̀n tún tẹ̀ sílẹ̀, gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tọ̀sán tòru fún oṣù púpọ̀. Ní Sátidé, wọ́n wọkọ̀ òfurufú. Ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀, nọ́ńbà òkè òkun ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ìyá ọmọ pè mí, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọmọ ti bọ́ kólà nítorí ooru. Mo gé àǹkárá àtijọ́ tó ti rọ̀, mo rán an mọ́ inú kólà kó lè máa fa òógùn, mo sì kọ́ ìyá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fi òrí ra ojú àpá. Ó ń wọ̀ ọ́ báyìí.

Nínú máàkì 10, mo fún wọn ní 6. Ọ̀nà Smile Train, àjọ tó ń rí sí ètè àti àjà ẹnu tó là, tẹ́ mi lọ́rùn jù: láti 1999 ni wọ́n ti ń fi owó àti ẹ̀kọ́ ran àwọn dókítà onílé lọ́wọ́, àwọn tí aláìsàn á tún bá ní ọjọ́ Ajé. Bí àwọn dókítà tó wá sí Ifẹ̀ yìí bá padà wá, màá lọ, ṣùgbọ́n kí n tó fọwọ́ síwèé, wọ́n á dárúkọ dókítà àti nọ́ọ̀sì tó máa ṣí bándéèjì lẹ́yìn wọn fún mi.