Vault, OpenBao tàbí AWS: èwo lẹ máa gbé tó bá jẹ́ orúkọ àti páswọ́ọ̀dù lẹ fẹ́ máa fi wọlé?

Ẹ jẹ́ ká ní èèyàn mẹ́fà lẹ wà ní ọ́fíìsì, orí WhatsApp sì ni páswọ́ọ̀dù dátábéèsì yín ń gbé. Ó ti tó kó kúrò níbẹ̀, kó bọ́ sínú àpótí àṣírí, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú páswọ́ọ̀dù àtàwọn àṣírí mìíràn. Irú àpótí bẹ́ẹ̀ ni Vault, OpenBao àti AWS Secrets Manager ti Amazon.

Ọmọ ìyá ni Vault ti HashiCorp àti OpenBao. Nígbà tí HashiCorp yí láísẹ́ǹsì Vault padà lóṣù kẹjọ ọdún 2023, àwọn kan mú kóòdù tó wà ṣáájú ìyẹn, wọ́n sọ ọ́ di OpenBao, Linux Foundation sì gbà á sábẹ́ òrùlé rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì lórí sáfà tiyín. Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má lo Vault nínú iṣẹ́ yín. Kẹ́ ẹ fi ṣe ọjà tó máa bá tiwọn du oníbàárà ni wọn ò fẹ́.

Ní ti fífi orúkọ àti páswọ́ọ̀dù wọlé, tí wọ́n ń pè ní userpass, orúkọ àṣẹ nìkan ló yàtọ̀:

`vault auth enable userpass`
`bao auth enable userpass`

Ẹ wá dá orúkọ ìwọlé sílẹ̀ fún Ṣadé (`isiro` ni orúkọ òfin tó ń sọ ohun tó lè rí):

`bao write auth/userpass/users/sade password=... policies=isiro token_ttl=8h`

Ibí ni mo ti jìn sí kòtò. Mo tẹ `history`, tó ń to àwọn àṣẹ tá a ti tẹ̀ sẹ́yìn, lọ́jọ́ kan, mo bá páswọ́ọ̀dù èèyàn méjì níbẹ̀, gbangba. Lórí Ubuntu, ẹ fi àlàfo kan ṣáájú àṣẹ náà, bash, ètò tó ń gba àṣẹ yín, ò ní tọ́jú ẹ̀. Ẹ má sì fo `token_ttl` yẹn: tẹ́ ò bá fi í sí i, token, ìyẹn ìwé ìwọlé tí Ṣadé máa gbà tó bá ti wọlé, lè wà fún wákàtí 768, ìyẹn ọjọ́ 32. Ẹ lè ti pa orúkọ Ṣadé rẹ́ lọ́jọ́ tó fiṣẹ́ sílẹ̀, kí token ọwọ́ ẹ̀ ṣì máa ṣílẹ̀kùn.

AWS Secrets Manager ò ní userpass rárá. IAM, ètò AWS tó ń pinnu ẹni tó lè wọlé, ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Sẹ́ǹtì 40 dọ́là ni àṣírí kan lóṣù, àádọ́ta àṣírí á jẹ́ $20, ká tó ka sẹ́ǹtì márùn-ún lórí ìbéèrè 10,000. Ó dun àpò. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ tàwọn yòókù náà ní owó tiẹ̀: tí sáfà bá kú tó tún jí, àpótí á ti ara ẹ̀ pa, bẹ́ ẹ bá sì fi í sílẹ̀ bó ṣe wá, kọ́kọ́rọ́ 3 nínú 5 lẹ máa kó jọ kó tó ṣí. Ta ló máa jí lágogo méjì òru?

Tẹ́ ẹ bá ní ẹni yẹn, OpenBao ni mo máa gbé. Bí ò bá sí, ẹ sanwó AWS. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà yín ńkọ́? Lórí Vault tàbí OpenBao, ẹ má fún wọn ní userpass; AppRole, ọ̀nà ìwọlé tí wọ́n ṣe fún ètò kọ̀ǹpútà, ni tiwọn.