Másítà nínú ìbáṣepọ̀ orílẹ̀-èdè: fọ́ọ̀mù tó sọnù lẹ́ẹ̀mejì

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo gba ìwé-ẹ̀rí mi, inú sì ń bí mi síbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ka ẹ̀kọ́ yìí, ẹ gbọ́ tẹnu mi.

Lẹ́yìn sáà àkọ́kọ́, mo gbé fọ́ọ̀mù àkòrí iṣẹ́ ìwádìí mi lọ sí ọ́fíìsì. Alábòójútó mi ti buwọ́ lù ú. Obìnrin tó wà níbẹ̀ gbà á láìgbójú sókè, ó tì í bọ abẹ́ fáìlì aláwọ̀ búlúù kan. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kò sí ìwé kankan tí màá mú lọ?" Ó ní, "Ẹ máa lọ, ó ti wọlé." Oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n lẹ orúkọ ẹgbẹ́ mi mọ́ pátákó, tèmi ò sí níbẹ̀. Mo padà lọ. "A ò rí fọ́ọ̀mù yín o." Fáìlì búlúù ọjọ́sí ṣì wà lórí tábìlì! Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé e sókè, ó ní òun kọ́ lòun ni ín.

Mo kọ òmíràn, wọ́n tún sọ ọ́ nù. Alábòójútó mi ti gba ìsinmi ọdún kan lọ, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Ọ̀gá ọ́fíìsì wá ń ní kí n ṣe sùúrù. Oṣù márùn-ún ni mo ti fi ṣe sùúrù!

Kíláàsì tíọ́rì dára. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n lò lórí àdéhùn Westphalia ti 1648, èyí tó parí Ogun Ọgbọ̀n Ọdún ní Yúróòpù, ló pọ̀ jù lójú mi.

Nígbà tó yá, wọ́n fún mi ní alábòójútó tuntun, bàbá àgbàlagbà kan. Ìwádìí mi dá lórí Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Mo ti kọ ọ́ pé bí ọ̀kan nínú àwọn orílẹ̀-èdè márùn-ún tó ní agbára veto (ìyẹn ni pé ìbò "rárá" ẹyọ kan láti ọwọ́ wọn lè pa ìpinnu) bá takété tí kò dìbò, ìpinnu yẹn ti kú nìyẹn. Bàbá fi pẹ́ńsù yí gbólóhùn náà po. Wọ́n ṣí ìwé àdéhùn Àjọ náà sí abala 27, wọ́n ní kí n kà á sókè: ìbò mẹ́sàn-án, kí ti àwọn márùn-ún yẹn sì wà nínú rẹ̀. Mo ní, "Ẹ ò rí i sà, ohun tí mo kọ náà nìyẹn."

Wọ́n dìde, wọ́n fa ìwé Kóòtù Àgbáyé ti 1971 lórí ọ̀rọ̀ Nàmíbíà yọ. Kóòtù sọ níbẹ̀ pé ó ti pẹ́ tí gbogbo wọn ti gbà pé títakété ò pa ìpinnu. Wọ́n tún mú mi dé 1950, nígbà tí aṣojú Soviet, ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún náà, ò wá sípàdé torí ìjà lórí ìjọba tó yẹ kó jókòó sí àga Ṣáínà, táwọn tó kù sì dìbò láti ran Gúúsù Kòríà lọ́wọ́. "Ka bí wọ́n ṣe kọ ọ́," ni wọ́n wí, "kí o wá lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é." Wákàtí méjì gbáko lórí gbólóhùn kan ṣoṣo! Mo dé ilé, mo tún orí kẹta kọ látòkèdélẹ̀, oorun ò sì kùn mí.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Bàbá yẹn ló ni gbogbo ẹ̀. Ẹ sáà ṣe fọ́ọ̀mù yín ní ẹ̀dà méjì, kẹ́ ẹ má kúrò níbẹ̀ títí wọ́n á fi lu òǹtẹ̀ sí tọwọ́ yín.