Bébà Àtúnlò fún Ọ́fíìsì Ìjọba: Ohun tí Mo Rí Láàárín Ọdún Mẹ́fà

Iṣẹ́ mi ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Maryland, ní Amẹ́ríkà, ni kí n máa ra ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń kọ̀wé, tí wọ́n fi ń tẹ̀wé, tí wọ́n sì fi ń tọ́jú ìwé. Kì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn ń fi yangàn lóde àríyá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kì í wá mi kàn nígbà tí bébà bá tán. Ó di ọdún mẹ́fà báyìí tí mo ti ń ra bébà àtúnlò, ìyẹn bébà tí wọ́n fi ìwé tí àwọn èèyàn ti lò tẹ́lẹ̀ ṣe, mo sì ti lo oríṣi méjì rẹ̀ dáadáa: èyí tí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ìwé àlòkù, àti èyí tí gbogbo rẹ̀ pátá jẹ́ ìwé àlòkù. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ yìí nílùú òyìnbó kò kéré, ìbéèrè kan náà ni àwọn ọ̀gá sì ń bi gbogbo wa: ṣé bébà náà kò ní ba ẹ̀rọ jẹ́, ṣé kò sì ní gbówó lórí jù?

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìjọba ju ẹlòmíràn lọ nítorí òfin wà níbẹ̀. Láti ọdún 1976 ni òfin àpapọ̀ lórí pàǹtí, tí wọ́n ń pè ní RCRA, ti sọ ní abala 6002 pé kí àwọn ọ́fíìsì ìjọba máa ra ọjà tí a fi àlòkù ṣe. Kì í ṣe ìjọba àpapọ̀ nìkan ni ó dè. Ìpínlẹ̀ tàbí ìjọba ìbílẹ̀ tí ó bá ń fi owó ìjọba àpapọ̀ rajà wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, bí ohun tí wọ́n ná lórí irú ọjà náà lọ́dún bá ti tó dọ́là 10,000. Ibẹ̀ ni ó ti kan ọ́fíìsì tiwa. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1993, Ààrẹ Bill Clinton fọwọ́ sí àṣẹ 12873, tí ó ní kí bébà ìtẹ̀wé tí ìjọba àpapọ̀ bá ń rà ní ìdá 20 ìwé àlòkù, ó kéré tán, kí ọdún 1994 tó parí, kí ó sì di ìdá 30 kí ọdún 1998 tó parí. Ààrẹ Barack Obama tún ìdá 30 yìí kan náà sọ nínú àṣẹ tirẹ̀ ní ọdún 2009. Ẹni tí ó bá dé orí àlééfà lẹ́yìn lè wọ́gi lé àṣẹ Ààrẹ tí ó ṣáájú rẹ̀, ó sì ti ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n òfin ọdún 1976 ṣì wà níbi tí ó wà. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, nínú gbogbo bébà àtúnlò tí ó wà lórí àtẹ, oní-ìdá 30 ni ó rọrùn jù láti rí rà.

Àṣìṣe tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé àmì ni mo wò, n kò wo iye. Mo rí páálí tí wọ́n ya ọfà mẹ́ta tí ń lé ara wọn sí lára, mo sì rò pé ó parí síbẹ̀. Nígbà tí ayẹ̀wéwò dé, ó béèrè ìdá mélòó nínú bébà náà ni ó jẹ́ ohun tí èèyàn ti lò rí, n kò sì rí èsì fọ̀. Àmì ọfà náà nìkan lè má túmọ̀ sí ju pé a lè tún bébà ọ̀hún lò lọ́jọ́ iwájú, kò sì sí bébà ìtẹ̀wé lásán tí a kò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún. Ohun mìíràn tún wà tí ó farasin ju ìyẹn lọ. Ilé-iṣẹ́ tí ń tẹ̀wé tàbí tí ń ṣe àpòòwé a máa ní àjákù tí ó gé kúrò létí bébà tuntun, tí kò tilẹ̀ dé ọwọ́ ẹni tí yóò lò ó rí. Bí ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe bébà bá da àjákù yìí padà sínú ìkòkò, ó lè pe èyí tí ó bá tibẹ̀ jáde ní àtúnlò. Ó dà bí ìgbà tí télọ̀ bá fi àjákù aṣọ tuntun rán fìlà fún ọ, tí ó wá ń sọ fún aráyé pé òkìrìkà ni. Ohun tí òfin ń wá ni òkìrìkà gan-an, ìwé tí ó ti dọ́wọ́ èèyàn, tí wọ́n ti kọ nǹkan sí, tí wọ́n sì ti kó dànù. Láti ìgbà náà, n kì í fọwọ́ sí ọjà kankan láìjẹ́ pé ẹni tí ó fẹ́ tà á kọ ìdá ìwé àlòkù inú rẹ̀ sílẹ̀ fún mi lórí ìwé.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi ni bébà tí ń há sínú ẹ̀rọ. Ní oṣù Keje ọdún àkọ́kọ́, ẹ̀rọ fótókọ́pì ńlá tí ó wà ní àjà kejì ń há bébà tó ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún lójúmọ́. Ẹ̀gbọ́n kan wà ní ẹ̀ka ìṣirò owó, ọmọ Ìjẹ̀bú, tí wọ́n ti pẹ́ níbẹ̀ kí n tó dé; bí ẹ̀rọ bá ti dákẹ́, ohùn wọn ni n ó kọ́kọ́ gbọ́: “Àbúrò, bébà pàǹtí rẹ ti tún ṣe é o!” Mo bẹ̀ wọ́n títí, ó sú mi. Nígbà tí ẹni tí ń tún ẹ̀rọ ṣe wá, kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà rárá. Ó mú ewé bébà kan, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó sì fi hàn mí bí etí rẹ̀ ṣe ká sókè. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè ibi tí mo ń kó bébà sí.

Yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni. Orí sìmẹ́ńtì lásán ni mo to àwọn páálí náà lé, mo sì ti ya ọ̀pọ̀ nínú wọn sílẹ̀ kí ó lè rọrùn fún mi láti máa mú rìímù. Ẹni tí ó bá mọ ooru oṣù Keje ní Maryland mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kún fún omi bí ti Èkó. Bébà tí ó wà ní ìṣísílẹ̀ nínú irú ọ̀rinrin bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí gààrí tí wọ́n gbàgbé láti bò ní àsìkò òjò. Kí n lè mọ òtítọ́, mo kó rìímù mẹ́wàá bébà tuntun, tí kò ní àlòkù kankan nínú, lọ sínú yàrá kan náà, mo sì ya ìdì wọn sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo gbé rìímù mẹ́wàá àtúnlò oní-ìdá 30 lọ sókè, mo fi wọ́n sílẹ̀ nínú ìdì wọn. Bébà tuntun tí ó ti abẹ́ ilẹ̀ wá há ju bí àtúnlò ti há rí lọ. Àtúnlò tí ó wà lókè kò há ju ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ títí ó fi tán. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń to páálí sórí pákó nínú yàrá gbígbẹ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ya rìímù àfi tí ó bá ń kó o sínú ẹ̀rọ lọ́wọ́. Ní ìgbà òtútù, mo tún ń jẹ́ kí páálí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já láti inú ọkọ̀ sùn mọ́jú nínú ilé kí a tó tú u.

Ti oní-ìdá 100 yàtọ̀ díẹ̀, ó sì yẹ kí èèyàn mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é kí ó tó dá a lẹ́jọ́. Wọ́n ń da ìwé àlòkù sínú agbada omi ńlá, wọ́n á rò ó títí yóò fi dà bí ògì. Wọ́n á sẹ́ ẹ, kí pínnì àti ọ̀rá kúrò nínú rẹ̀, wọ́n á wá máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i láti ìsàlẹ̀, kí tàdáwà lè lẹ̀ mọ́ ìhó tí ó bá léfòó, kí wọ́n sì ré ìhó náà dànù. Ní gbogbo ìgbà tí bébà bá gba inú omi yìí kọjá, fọ́nrán igi inú rẹ̀ ń kúrú sí i. Lẹ́yìn bí ìgbà márùn-ún sí méje, ó ti kúrú ju ohun tí a lè fi ṣe bébà ìkọ̀wé lọ, àfi bóyá páálí ẹyin. Nítorí náà, mo rí i pé eruku oní-ìdá 100 pọ̀ díẹ̀ nínú ẹ̀rọ, funfun rẹ̀ kò tó ti tuntun, àwọn àmì dúdú tín-ín-tín kan sì wà lára rẹ̀ bí èèyàn bá wò ó fínnífínní. Èmi kò ka ìyẹn sí àléébù fún ìwé tí a ó kà lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní Sẹkitéríàtì ní Agodi, n’Ìbàdàn, mo ti tú àkàrà rí tí mo bá ìwé ìpàdé ẹ̀ka tiwa lára rẹ̀, pẹ̀lú òróró àti gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí irú ìyẹn kò lè máa bẹ̀rù àmì dúdú. Ṣùgbọ́n fún ìwé tí aráàlú yóò gbà lọ́wọ́ wa, tí edìdì ìjọba wà lórí rẹ̀, oní-ìdá 30 ni mo ń lò, nítorí n kò tíì rí ẹni tí ó fi ojú lásán mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí tuntun. Mo to ewé mẹ́ta síwájú ẹ̀gbọ́n wa ọmọ Ìjẹ̀bú lọ́jọ́ kan, mo ní kí wọ́n mú èyí tí ó jẹ́ pàǹtí jáde. Bébà tuntun ni wọ́n mú.

Ní ti owó, kò sí irọ́ níbẹ̀, àtúnlò wọ́n ju tuntun lọ ní gbogbo ìgbà tí mo ti rà á. Lórí páálí kan, tí ó ní rìímù mẹ́wàá, ìyẹn ewé 5,000, àfikún tí mo ń san lórí oní-ìdá 30 kò ju dọ́là díẹ̀ lọ. Ti oní-ìdá 100 ni ó ń dun ni. Òfin fúnra rẹ̀ fàyè sílẹ̀ pé kí a má rà á bí owó rẹ̀ bá ti kọjá ààlà, tàbí bí a kò bá lè rí i gbà ní àkókò tí ó bọ́gbọ́n mu, tàbí bí kò bá lè ṣe iṣẹ́ tí a fẹ́ kí ó ṣe. Mo ti rí àwọn ọ̀gá tí wọ́n sọ àyè yìí di ojú ọ̀nà ńlá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni èmi lò ó, ní ọdún tí ọjà kò dé fún oṣù méjì. Mo kọ ìdí rẹ̀ sínú fáìlì, mo sì ra tuntun. Ohun tí ó tán ìṣòro owó fún wa ni pé a yí gbogbo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé padà kí wọ́n máa tẹ ojú méjèèjì, bí ẹni tí ń tẹ̀wé kò bá sọ pé ojú kan ni òun fẹ́. Bébà tí a ń rà lóṣù dín kù tó bẹ́ẹ̀ tí owó tí a fi ń ra àtúnlò báyìí kò tó èyí tí a fi ń ra tuntun tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yìn mi náà dúpẹ́, nítorí páálí kọ̀ọ̀kan wọn tó ìwọ̀n pọ́n-ùn 50, èmi sì ni mo ń gbé e.

Ohun kan ṣì wà tí mo gbọ́dọ̀ fi kún un fún àwọn tí ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ tàbí ìwé ìbí. Ohun tí ń mú kí ìwé pọ́n kí ó sì máa ya lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni ásíìdì inú rẹ̀, bébà tuntun sì lè ní in gẹ́gẹ́ bí àtúnlò ṣe lè ní in. Fún irú ìwé bẹ́ẹ̀, mo ń wá bébà tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ó bá ìlànà Z39.48 mu, ìyẹn ìlànà Amẹ́ríkà fún bébà tí yóò pẹ́ láìbàjẹ́, mo sì ti rí àtúnlò tí ó bá a mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gba wíwá. Àpòòwé oní-ìdá 100 ni n kò ní tún rà mọ́. Gọ́ọ̀mù ẹnu èyí tí mo rà kò mú, ìwé owó-orí aráàlú mẹ́ta sì padà wá bá wa láti ilé ìfìwéránṣẹ́ ní ẹnu ṣíṣí. Mo ti kọ lẹ́tà sí ẹni tí ó tà á fún wa, mo sì ti dá páálí mẹ́rin tí ó ṣẹ́kù padà.