Tíkẹ́ẹ̀tì Èkó sí London: ṣé tààrà ni ká rà, àbí èyí tó ń yà lọ́nà?

Ẹni tó bá ṣí fóònù lálẹ́ yìí láti wá tíkẹ́ẹ̀tì Èkó sí London yóò rí oríṣi méjì. Àkọ́kọ́ ni bàálù tó ń gbéra n'Ìkẹjà tí kò dúró níbì kankan títí yóò fi balẹ̀: British Airways àti Virgin Atlantic ń kó èrò lọ sí Heathrow, Air Peace ń kó tiẹ̀ lọ sí Gatwick. Ìkejì ni èyí tó ń yà: Ethiopian ní Addis Ababa, EgyptAir ní Cairo, Royal Air Maroc ní Casablanca, Turkish ní Istanbul, Qatar ní Doha, Emirates ní Dubai, KLM ní Amsterdam. Bí ẹ bá ní kí fóònù tò wọ́n láti orí èyí tówó rẹ̀ kéré jù, ìkejì yìí ló sábà máa ń wà lókè. Ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ti ń sanwó kíákíá, láì wo ìyókù.

Iye tó wà lójú fóònù kọ́ ni iye tíkẹ́ẹ̀tì. Gbogbo owó tó bá jáde lápò yín láti ẹnu ọ̀nà ilé n'Íbàdàn tàbí Òṣogbo títí dé ẹnu ọ̀nà ibi tí ẹ ń lọ ni iye rẹ̀, àti owó ẹrù, àti ohun tí ẹ máa ná bí nǹkan bá dàrú lójú ọ̀nà. Ojú yẹn ni mo fi fẹ́ wo àwọn méjèèjì.

Wákàtí

Bàálù tó ń lọ tààrà máa ń lo bíi wákàtí 6 àti ààbọ̀ lójú òfurufú. Ẹni tó bá wọ ti alẹ́, ilẹ̀ London ni ilẹ̀ máa mọ́ bá a.

Ní ti èyí tó ń yà, ẹ wo máàpù kí ẹ tó wo iye. Addis Ababa wà ní ìlà oòrùn Áfíríkà lọ́hùn-ún: bíi wákàtí 5 láti Èkó, bíi 8 mìíràn láti ibẹ̀ sí London. Doha àti Dubai tún jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Casablanca ló bá ọ̀nà mu jù nínú gbogbo wọn, bíi wákàtí 4 àti ààbọ̀ láti Èkó, lẹ́yìn náà bíi 3 àti ààbọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìdúró. Ìdúró tí kò tó wákàtí 2 ń bà mí lẹ́rù, pàápàá láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, nígbà tí ọyẹ́ bá bo Ìkẹjà tí bàálù ò lè gbéra lásìkò. Wákàtí 3 sí 5 ló dáa. Tó bá ju 8 lọ, ẹ béèrè òtẹ́ẹ̀lì. Ethiopian máa ń fún èrò ní yàrá bí kò bá sí ọkọ̀ mìíràn tó yá jù bẹ́ẹ̀ tí wọ́n lè gbé e sí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì ló kàn. Kí ẹ tó sanwó ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá ti dé Addis.

Ẹ sì rí i dájú pé orí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni gbogbo ìrìn náà wà. Àwọn kan máa ń ra Èkó sí Casablanca lọ́tọ̀, kí wọ́n tún ra Casablanca sí London lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn, torí pé ó dín owó kù. Bí ti àkọ́kọ́ bá pẹ́, ti èkejì á fò lọ, kò sì sẹ́ni tó jẹ yín ní gbèsè kankan. Ẹrù náà, ẹ̀yin lẹ máa gbà á jáde, ẹ̀yin lẹ máa tún gbé e wọlé, èyí tó lè gba físà Morocco.

Owó

Láàárín 2022 sí 2023, owó àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú há sí Nàìjíríà nítorí pé wọn ò rí dọ́là fi kó o jáde. Emirates palẹ̀ mọ́ lọ́dún 2022, oṣù Kẹwàá 2024 ló tó padà. Ọ̀pọ̀ lára àwọn tó dúró ti àwọn ìjókòó tówó wọn rọjú mọ́ wa, èyí tó wọ́n jù ló kù. Ìgbà yẹn làwọn èèyàn ń gba Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Kútọnu, tí àwọn mìíràn ń gba Accra. Nígbà tó di ọjọ́ 30 oṣù Kẹta 2024, Air Peace bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti Èkó sí Gatwick, wọ́n pe àlọ àti àbọ̀ ní ₦1.2 mílíọ̀nù fún economy, ìjókòó tówó rẹ̀ kéré jù, àwọn tó ti wà lójú ọ̀nà tẹ́lẹ̀ náà sì já owó tiwọn wálẹ̀. Láti ìgbà náà, àyè tó wà láàárín tààrà àti èyí tó ń yà ti kéré ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ.

Nípa ti Kútọnu, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀ mọ́ tìtorí London, àyàfi ẹni tó bá ń gbé ní Badagry tàbí Àjàṣẹ́. Kò sí bàálù tó ń ti ibẹ̀ lọ London tààrà. Ẹ máa yà náà ni, lẹ́yìn tí ẹ bá ti sanwó mọ́tò, tí ẹ ti dúró ní bodè, tí ẹ sì ti sùn mọ́jú ní òtẹ́ẹ̀lì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Àpẹẹrẹ ni àwọn owó yìí, ẹ fi tiyín rọ́pò wọn. Tààrà jẹ́ ₦1,500,000 pẹ̀lú àpótí méjì. Èyí tó ń yà jẹ́ ₦1,280,000 pẹ̀lú àpótí kan. Èrè ₦220,000 nìyẹn lójú. Ẹ ra àyè àpótí kejì ní ₦150,000, ó ku ₦70,000. Ẹ yọ ₦20,000 fún oúnjẹ àti omi ní pápákọ̀ tí wọ́n ti ń fi dọ́là ta omi, ó ku ₦50,000. Owó tí ẹ jèrè fún wákàtí 8 tàbí 10 lórí àga irin nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí àpótí kan tó, ₦200,000 gidi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn, ó sì lè ran akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́wọ́ láti san owó ilé.

Ẹrù ló ń dájọ́

Kílò 23 ni òdiwọ̀n àpótí kan ní economy. Èyí tó bá ju 32 lọ, wọn kì í gbà á bó ti wù kí ẹ sanwó tó. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń kó èrò Nàìjíríà máa ń fún wa ní àpótí méjì, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n bá kọ Light tàbí Basic sí lára, torí pé báàgì ọwọ́ nìkan ló sábà máa ń bá a rìn.

Ẹ lọ wo iwájú káńtà n'Ìkẹjà lálẹ́: àpótí á ṣí sílẹ̀ gbayawu lórí ilẹ̀, èlùbọ́ inú ọ̀rá dúdú á máa ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì, ẹnìkan á máa wọ agbádá lé orí kóòtù kí ìwọ̀n lè sọ̀ kalẹ̀. Ìwọ̀n kékeré oníkọ́ tí wọ́n ń tà lọ́jà ì bá ti parí gbogbo rẹ̀ nílé.

Ẹ sì rántí pé ẹran àti wàrà kò gbọdọ̀ ti Nàìjíríà wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Pọ̀nmọ́, kílíṣí, ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ, tí kọ́sítọ́ọ̀mù bá rí i, wọ́n á gbà á, wọ́n á dà á nù. Àyè tí ẹ fi pọ̀nmọ́ kún, gàrí Ìjẹ̀bú ì bá ti gbà á.

Ibo gan-an lẹ ń lọ?

Ibí yìí lèmi àti àwọn tó ń sọ pé tààrà ló dáa jù fún gbogbo èèyàn ti máa ń jiyàn. London nìkan ni tààrà ń dé láti Èkó. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ sí Newcastle tàbí Glasgow, tó bá balẹ̀ sí Heathrow láàárọ̀, ìrìn rẹ̀ ò tíì parí: yóò wọ́ àpótí méjì kọjá nínú ibùdó ọkọ̀ ojú irin, tàbí kí ó jókòó sínú bọ́ọ̀sì fún ọ̀pọ̀ wákàtí nínú òtútù tí kò mọ̀ rí. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n bá sì rà lọ́jọ́ náà gan-an máa ń wọ́n gan-an. Emirates ń ti Dubai balẹ̀ sí Manchester, Birmingham, Newcastle, Glasgow àti Edinburgh. Qatar ń ti Doha lọ sí Manchester, Birmingham àti Edinburgh. EgyptAir náà ń dé Manchester. Àpótí yóò bá ọmọ náà dé ìlú tó ń lọ. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, yíyà ló yá jù lọ́wọ́ àti lára.

Láàárín London gan-an, Heathrow àti Gatwick kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó ń gbé ní Woolwich tàbí Abbey Wood lè wọ ọkọ̀ ojú irin Elizabeth line láti Heathrow títí délé láì sọ̀ kalẹ̀ wọ òmíràn. Ẹni tó ń gbé ní Croydon tàbí Peckham, Gatwick ló sún mọ́ ọn: bíi ìdajì wákàtí ni ọkọ̀ ojú irin fi ń dé London Bridge láti ibẹ̀. Tákísì láti pápákọ̀ tí kò sún mọ́ yín lè jẹ gbogbo ohun tí ẹ dín kù lórí tíkẹ́ẹ̀tì.

Físà ibi tí ẹ ti ń yà

KLM, Air France àti Lufthansa máa ń já owó wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, KLM sì ń dé àwọn ìlú kéékèèké bí Aberdeen. Ṣùgbọ́n ìwé ìrìnnà Nàìjíríà wà lára àwọn tí àwọn orílẹ̀-èdè Schengen (àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan náà, bíi Netherlands, Faransé àti Jámánì) ń béèrè físà lọ́wọ́ wọn láti kọjá nínú pápákọ̀ wọn, kódà bí ẹ kò bá ní jáde síta níbẹ̀. Wọ́n yọ àwọn kan sílẹ̀, bí ẹni tó ní físà Schengen, Amẹ́ríkà tàbí Kánádà tí kò tíì kú. Ẹ má rò pé físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ti tó. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà kí ẹ tó sanwó, torí pé káńtà Ìkẹjà ni wọ́n ti máa dá yín padà.

Màmá tó ń lọ wẹ ọmọ

Fún wọn, ẹ ra tààrà, kò lárìíyànjiyàn. Ìyá tó jẹ́ Yorùbá nìkan ló gbọ́, tí orúnkún ń dùn, kò yẹ kó máa wá géètì kiri ní Istanbul lóru. Ẹ béèrè fún wheelchair lọ́jọ́ tí ẹ ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó pẹ́ tán kó ku wákàtí 48. Ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá sì ń tì wọ́n yóò bá wọn dé ọ̀dọ̀ àwọn imigiréṣọ̀n àti ibi tí ẹrù ti ń jáde. Ẹ ra èyí tí wọ́n lè yí ọjọ́ rẹ̀ padà, torí pé ìgbà tó bá wu ọmọ ló ń dé. Bí wọ́n bá ní ìyípadà jẹ́ ọ̀fẹ́, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹ kò ní san owó ìtanràn. Bí tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ tuntun bá wọ́n jù, ẹ máa san ìyàtọ̀ rẹ̀. Bí màmá kò bá sì lọ lọ́jọ́ àlọ láì sọ fún ilé-iṣẹ́ ṣáájú, wọ́n sábà máa ń fagi lé àbọ̀ pẹ̀lú.

Bí nǹkan bá dàrú

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní UK261 bo British Airways àti Virgin ní àlọ àti ní àbọ̀. Bí ẹ bá fi ohun tó ju wákàtí 4 pẹ́ dé, tó sì jẹ́ ẹ̀bi ilé-iṣẹ́, £520 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan lè béèrè. Ọyẹ́ àti ìjì kò kàn án. Air Peace, Ethiopian, EgyptAir àti ẹgbẹ́ wọn wà lábẹ́ òfin yìí nígbà tí wọ́n bá ń kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn ò sí lábẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kúrò l'Ékòó. Ẹni tó bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì nítorí ìdánwò tàbí ọjọ́ ìwọlé ilé-ìwé tí kò ṣeé sún, kó fi èyí sínú ìṣirò rẹ̀.

Ọwọ́ ta ni ká ti rà á?

Ọ̀rọ̀ pé kí ẹ rà á lóru ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mi ò gbà á gbọ́. Ọjọ́ tí ẹ máa fò ló ń mú iye lọ sókè sódò: oṣù Keje, oṣù Kẹjọ àti Kérésì ló wọ́n jù, oṣù Kejì ló rọjú.

Bí ẹ bá ní káàdì tó ń ṣiṣẹ́, ẹ rà á lójú òpó ilé-iṣẹ́ náà gan-an, kí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín yí i padà. Ajẹ́ńtì wúlò fún ẹni tó fẹ́ san náírà díẹ̀díẹ̀ tàbí tó ń kó èrò púpọ̀ lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ìyípadà gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ì báà jẹ́ ọjọ́ Àìkú. Orúkọ inú ìwé ìrìnnà ni kí ó kọ, lẹ́tà sí lẹ́tà. Bí ìwé bá pè yín ní Oluwaseun, tí ajẹ́ńtì kọ Seun, owó àtúnṣe ń bọ̀.

Ohun tí ajẹ́ńtì máa ń kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ni ìwé tó ní àmì lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́fà. Àyè tí wọ́n bá yín dì mú lásán ni, ó sì lè já kí ilẹ̀ tó mọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì gidi ní nọ́ńbà 13 tirẹ̀: ti British Airways bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 125, ti Virgin 932, ti Ethiopian 071, ti Emirates 176. Ẹ gba nọ́ńbà yẹn, ẹ fi àmì mẹ́fà náà àti orúkọ ìdílé yín wo ìrìn náà lójú òpó ilé-iṣẹ́, kí ẹ tó san owó tó kù fún ajẹ́ńtì.