Fpg àti hOGG1: èwo ni kí ẹ rà fún comet assay?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè, Ìlíṣàn àti Ṣàgámù tí ẹ fẹ́ fi comet assay (àyẹ̀wò tó ń fi DNA tó já nínú sẹ́ẹ̀lì hàn bí ìràwọ̀ onírù) wo bí ọ́ksíjìn ṣe ń ba DNA jẹ́, owó ẹ́ńsáìmù tó ń gé DNA níbi tó ti bàjẹ́, kí ẹ lè rí i, ni yóò kọ́kọ́ dùn yín. Fpg, tí wọ́n rí lára bakitéríà E. coli, sábà máa ń rọjú ju hOGG1 ti ènìyàn lọ. Ọmọ Ìjẹ̀bú kì í náwó láìbèèrè, ẹ jẹ́ ká bèèrè ohun tí ọwọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń mú.

8-oxoguanine ni ẹran tí àwọn méjèèjì ń dọdẹ. Ó fi díẹ̀ yàtọ̀ sí guanine tó yè (G, ọ̀kan nínú béèsì mẹ́rin tó jẹ́ lẹ́tà DNA): átọ̀mù ọ́ksíjìn kan ní ipò 8, háídrójìn kan lórí N7, ìyẹn náítrójìn ipò 7. Ṣùgbọ́n ó lè fara mọ́ béèsì adenine dípò cytosine tó jẹ́ ẹnìkejì rẹ̀, kí G sì ṣe bẹ́ẹ̀ di T (thymine).

hOGG1 máa ń tẹ DNA kọrọdọ, yóò yí béèsì náà síta, yóò sì tì í sínú ihò kan lára rẹ̀. Níbẹ̀ ni Gly42 (glycine, amino acid kejìlélógójì lára ẹ́ńsáìmù náà) ti ń di háídrójìn orí N7 yẹn mú. Guanine tó yè kò ní in, kò sí ohun tí wọ́n máa dì mú lára rẹ̀. Láàbù Gregory Verdine ní Amẹ́ríkà ló gbé àwòrán èyí jáde ní ọdún 2000. Lysine 249, amino acid mìíràn lára rẹ̀, ló ń gé béèsì náà kúrò. Bí kì í bá ṣe cytosine ló dojú kọ ọ́, hOGG1 kì í fi bẹ́ẹ̀ dá sí i.

Fpg náà ń yí béèsì síta, proline, amino acid tó ṣáájú lára rẹ̀, ló sì fi ń gé e. Àmọ́ kì í ṣàṣà yàn: ó ń gé FapyG àti FapyA (guanine àti adenine tí òrùka wọn ti là), àti guanine tí alkylation (kẹ́míkà tó lẹ ẹ̀ka kábọ́ọ̀nù mọ́ béèsì) ti la òrùka rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ amusìgá lẹ fẹ́ yẹ̀ wò? Nitrosamine inú èéfín sìgá ń fa alkylation, Fpg sì lè ka ìyẹn mọ́ ti ọ́ksíjìn. hOGG1 ni kí ẹ rà. Bí iṣẹ́ yín kò bá la alkylation lọ, Fpg tó, ẹ fi ìyókù owó ra agarose tí ẹ fi ń ṣe jẹ́lì orí sílàìdì.

Kíìtì ELISA, tí àwọn kan fi ń ka irú ìbàjẹ́ yìí láìlo comet assay ńkọ́? Antibody (purotéènì tó ń di ohun tí a ń wá mú) ló wà nínú rẹ̀, ó ń di ohun mìíràn mú nínú ìtọ̀, òǹkà rẹ̀ sì sábà máa ń ga ju ti LC-MS, ẹ̀rọ tó ń ya kẹ́míkà sọ́tọ̀ tó sì ń wọ̀n wọ́n, lọ. Èmi ò ní rà á.

-20°C ni wọ́n ń tọ́jú ẹ́ńsáìmù méjèèjì. Bí ó bá ṣì ń ṣàn nínú fíríìsà, ẹ má jáyà, glycerol ni kò jẹ́ kó dì. Fíríìsà tó ń yọ́ yìnyín fúnra rẹ̀ ló burú, nítorí ó ń móoru ó ń tutù, ká má tíì sọ ti iná ìjọba. Ẹ ra ìgò kékeré, kí ẹ pín in sí túùbù.

Ẹ tún ra potassium bromate, èyí tí NAFDAC ní kí oníbúrẹ́dì má lò mọ́. Ó ń fa 8-oxoguanine gan-an nínú sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì tí ẹ fi sí i ni kí ẹ fi wọ̀n agbára ìgò ẹ́ńsáìmù tuntun kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú sílàìdì tí bọ́fà (omi ẹ́ńsáìmù láìsí ẹ́ńsáìmù) nìkan kàn, kí ẹ lè fi wéra.