San Siro onípáálí tí mo rà ní Orísunmbáre

Ọjà Orísunmbáre ni mo ti rà á, ₦14,500, lẹ́yìn tí mo ti nájà títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Páálí àti fóòmù ni, ẹ ó máa yọ ọ́ lẹ́yọ lẹ́yọ, ẹ ó máa kì í bọ ara wọn títí yóò fi di San Siro, pápá bọ́ọ̀lù ìlú Milan ní Ítálì. Ọmọ mi ọkùnrin ló ní òun fẹ́ ẹ. Inter ló ń ṣe, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù méjèèjì tó ń lo pápá náà. Èmi, ẹgbẹ́ kejì, Milan, ni tèmi látìgbà tí George Weah ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ aburú rẹ̀. Kò sí gáàmù nínú rẹ̀. Èdè tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ nílé wa ni wọ́n fi kọ ìwé tó bá a wá, àwòrán nìkan la tẹ̀ lé. Etí àwọn òpó rẹ̀ kì í pẹ́ ya. Mẹ́ta ló ya mọ́ mi lọ́wọ́. Ọwọ́ bíríkìlà kúkú le.

Àwọn òpó yẹn náà ló jẹ́ kí n gba ti nǹkan ọ̀hún. Mọ́kànlá ni wọ́n, wọ́n rí roboto bíi sílíńdà gáàsì. Mẹ́rin tó wà ní igun ga ju ìyókù lọ, àwọn ló gbé àwọn bíìmù pupa òrùlé. Nígbà tí wọ́n ṣí pápá náà ní 1926, tí Piero Pirelli jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ Milan, kò sí ìkankan nínú wọn níbẹ̀. Ìjókòó ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni, ó gba nǹkan bí 35,000 èèyàn. Ulisse Stacchini wà lára àwọn tó ya àwòrán rẹ̀, òun kan náà ló ya ti ibùdókọ̀ ojú irin ńlá Milan (ẹ̀yin ará ẹ̀gbẹ́ réluwé Òṣogbo, ẹ gbọ́ o). Ní 1955 wọ́n fi ìpele kejì lé e, wọ́n sì fi ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yí ara rẹ̀ ká níta, ibẹ̀ ni èrò ń gbà gòkè.

Ìpele kẹta ni iṣẹ́ wà. Ife Àgbáyé 1990 ń bọ̀, wọ́n sì fẹ́ àyè sí i. Wọn ò di ẹrù ọ̀tun ru iṣẹ́ àtijọ́. Ìta ni wọ́n ti gbẹ́ ìpìlẹ̀, wọ́n gbé òpó mọ́kànlá dìde, wọ́n wá gbé ìpele kẹta lé àwọn òpó náà lórí. Ohun tí mo ń sọ fún oníbàárà mi kan ní Òkè-Baálẹ̀ gan-an nìyẹn, tó ní kí n fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé ilé alámọ̀ bàbá òun. Ó ní owó ni mo fẹ́ jẹ.

Alẹ́ ọjọ́ kejì, ó kù díẹ̀ ká jà. Ẹ̀gbẹ́ kan ò ní ìpele kẹta! A wá abẹ́ àga, a gbọn tìmùtìmù, mo ti ń múra àtibá ẹni tó tà á fún wa jà. Ìgbà tí mo wo fọ́tò pápá gidi lórí fóònù ni mo rí i pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta péré ni wọ́n kọ́ ọ sí.

Ohun tí mo bínú sí jù ni pé ìpele kìíní àti ìkejì lẹ̀ pọ̀ nínú páálí yìí, bí ẹni pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n kọ́ wọn. Ibi tó yẹ kí ọmọ ti rí 1926 àti 1955 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n ti bà á jẹ́.

Koríko rẹ̀ dára ṣá, kì í kú. Ti Milan, òrùlé àti ìpele kẹta dí oòrùn àti afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, ó sì yọ wọ́n lẹ́nu fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ọmọ mi ti fi báírò kọ “Meazza” sí i lára, nítorí orúkọ tí ìjọba ìlú fún pápá náà ní 1980 nìyẹn, orúkọ Giuseppe Meazza, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká agbábọ́ọ̀lù Inter. Mo ní Meazza gbá bọ́ọ̀lù fún Milan náà. Ó ní ọdún mélòó? Mo dákẹ́.

Ní 2025, ìgbìmọ̀ ìlú náà dìbò pé kí wọ́n ta pápá ọ̀hún fún ẹgbẹ́ méjèèjì, tí wọ́n fẹ́ kọ́ òmíràn. Tiwa wà lórí fíríìjì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ra gáàmù dání, kí ẹ sì pa fáànù kí ẹ tó tú u sílẹ̀.